Àbùjá Kan Kò Sí Lọ́run Ọ̀pẹ: Bí Mo Ṣe Kọ́ Àgbà ní Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ àgbà rí yóò ti gbọ́ òwe yìí: àbùjá kan kò sí lọ́run ọ̀pẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí yóò bá dé orí ọ̀pẹ ní láti gba ìdí rẹ̀ gùn ún. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹnu ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Òkokomáíkò ni mo ti gbọ́ òwe náà jù. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ fi ọ̀nà tí ó yá hàn án nínú CorelDRAW ni ó máa ń pa á fún mi. Mo kọ àròkọ yìí nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni a ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti fi san owó ilé-ìwé, àti pé àwa tí a kéré lọ́jọ́ orí ni àwọn ọ̀gá sábà máa ń rán pé kí a lọ kọ́ àwọn àgbà ní ohun tí wọn kò fẹ́ kọ́. Mo ṣì í ṣe kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí mo ṣe ṣì í ṣe ni n ó kọ́kọ́ sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa mọ̀ pé láti ẹnu ọ̀nà LASU ní Ọ̀jọ́ dé Ìyànà-Ìbà, títí lọ dé Òkokomáíkò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì, ibi gbogbo ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà wà. Àwọn kan ń ṣe ẹ̀dà ìwé, wọ́n ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń dì í. Àwọn mìíràn ń ya káàdì ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, sítíkà, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí. Iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ẹ̀rọ ńlá, Ṣómólú ni a máa ń gbé e lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ni a ti ń yà á. CorelDRAW ni a fi ń yà á. Ilé-iṣẹ́ Corel ní ìlú Ottawa ní Kánádà ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1989, ó sì ti di irinṣẹ́ àwọn atẹ̀wé Èkó bí abẹ́rẹ́ ti jẹ́ ti télọ̀.

Àwa mẹ́rin ni a wà ní ṣọ́ọ̀bù náà yàtọ̀ sí ọ̀gá tí ó ni ín. Èmi máa ń wá lẹ́yìn kíláàsì àti ní ọjọ́ Sátidé. Àǹtí kan wà tí ń tẹ ìwé, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan sì wà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ẹnì kẹrin ni ẹni tí ó ń pa òwe fún mi, Bàbá Ìbejì. Ó ti súnmọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún. Ṣómólú ni ó ti kọ́ṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ to lẹ́tà onírin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ ìwé. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù ní Alábà, ó sì jókòó tì í. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní CorelDRAW; ojú ni ó fi kọ́ ọ. Ó lè wo káàdì kan láti òkèèrè kí ó sọ fún ọ pé ìlà kejì ti tẹ̀ díẹ̀, bí o bá sì fi rúlà wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó ń ṣe, ọwọ́ ni ó fi ń ṣe é, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ó ṣì ń to lẹ́tà onírin.

Ní oṣù keje ọdún kan, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìhà Ìbà gbé iṣẹ́ wá: ìwé ẹ̀rí fún ọmọ 214 tí wọ́n fẹ́ jáde. Bí Bàbá Ìbejì ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyí. Yóò ya ìwé ẹ̀rí kan, yóò kọ orúkọ ọmọ àkọ́kọ́ sí i, yóò tẹ̀ ẹ́ jáde. Yóò pa orúkọ náà rẹ́, yóò kọ ti ìkejì. Alẹ́ méjì ni yóò gbà á, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni CorelDRAW ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní Print Merge. O ó kọ àwọn orúkọ sínú àkójọ kan, orúkọ kan sí ìlà kan. O ó fi àmì sí ibi tí orúkọ yóò wà lórí ìwé ẹ̀rí. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yóò wá máa mú orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àkójọ náà, yóò máa fi í síbẹ̀, yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ títí tí àkójọ yóò fi tán.

Mo sọ fún un, ó pa òwe rẹ̀. Mo tún sọ, ó ní kí n jẹ́ kí òun ráyè. Olùkọ́ tí ó gbé iṣẹ́ wá dúró lẹ́yìn wa, ó ń wo aago. Ni mo bá na ọwọ́, mo gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é kíá, sà." Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbejì dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, máa ṣe é." Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bí mo bá kí i, yóò jẹ́ mi, bí mo bá bi í ní nǹkan, yóò ní kí n lọ bi kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ náà yá lóòótọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé ẹ̀rí 214 ti wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ náà dá 61 padà. Àkójọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù ni mo gbé sínú kọ̀ǹpútà bí ó ti wà. Nínú rẹ̀, orúkọ ìdílé ni ó ṣáájú fún kíláàsì kan, orúkọ ọmọ ni ó ṣáájú fún kíláàsì kejì. Ọmọ kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí orúkọ wọn gùn, orúkọ náà kọjá ìlà, ó lọ gun òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lórí. Lẹ́tà kan sì sọ nù nínú "Olúwa" tí ó wà lára orúkọ ọmọbìnrin kan, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti wá gba tirẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Bébà líle tí ó wọ́n ni a fi tẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá wa yọ owó rẹ̀ nínú owó mi, n kò sì rí ohun tí mo lè wí.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé Bàbá Ìbejì kì bá tí ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń kà á sókè. Bí orúkọ kan kò bá dá a lójú, yóò pe olùkọ́ lórí fóònù. Bí ó bá gùn jù, yóò fún lẹ́tà rẹ̀ kí ó lè gba ìlà. Ọ̀nà rẹ̀ lọ́ra, ṣùgbọ́n ìyẹ̀wò wà nínú ìlọ́ra náà. Mo yọ ìlọ́ra kúrò, ìyẹ̀wò sì bá a lọ, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń pè ní agídí nígbà náà, ìmọ̀ ni apá kan nínú rẹ̀, àfi pé ẹni tí ó ní in kò mọ bí yóò ṣe fi ẹnu sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí ń mú kí òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú kọ ọ̀nà tí ó yá. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Òkokomáíkò nìkan. Ní 1987, John Carroll àti Mary Beth Rosson, tí wọ́n jẹ́ olùwádìí ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí rẹ̀. Wọ́n ní ohun méjì ni ó ń fà á. Èkínní, ẹni tí iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀ fẹ́ parí iṣẹ́ náà ni. Kò fẹ́ dúró kọ́ ẹ̀kọ́, bí ẹ̀kọ́ náà tilẹ̀ máa dín wàhálà rẹ̀ kù lọ́la. Èkejì, ohun tí ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó fi ń wo ohun tuntun, ó sì lè ṣì í wò nítorí rẹ̀.

Ẹ wo bí èkínní ti rí lọ́dọ̀ wa. Oníbàárà wa kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó máa lọ. Yóò fa àga tì ọ́, yóò máa na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà pé kí o gbé àwòrán ìyá òun sókè díẹ̀. Epo ń jó nínú jẹnẹrétọ̀. Bí o bá dán ohun tuntun wò tí ó sì bàjẹ́, ojú rẹ̀ ni ó ṣe bàjẹ́. Ọ̀nà àtijọ́ lè lọ́ra, ṣùgbọ́n o mọ ìgbà tí yóò parí. Ẹni tí ó bá ní kí ènìyàn wá kọ́ Print Merge ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Ní ti èkejì, ojú ẹni tí ń to lẹ́tà onírin ni Bàbá Ìbejì fi ń wo CorelDRAW. Lójú rẹ̀, sítíkà mẹ́rìnlélógún lórí bébà kan jẹ́ ohun mẹ́rìnlélógún tí ó dá dúró, tí a ní láti tún ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní 2000, àwọn méjì mìíràn, Suresh Bhavnani àti Bonnie John, fi hàn pé ẹni tí ń ya àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà lè ti mọ àṣẹ inú rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ kí ó má mọ ọgbọ́n tí a fi ń lò wọ́n pọ̀. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí wọ́n dárúkọ ni pé kí a parí ẹyọ kan tán pátápátá kí a tó sọ ọ́ di púpọ̀. Ó dàbí ohun tí ọmọdé mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù wa fún ọjọ́ kan, ẹ ó rí i pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àkókò wa ń bá lọ: a ti da káàdì kọ sí ọ̀nà mẹ́wàá tán kí a tó rántí pé ọjọ́ ìgbéyàwó tí a kọ sí i kò tọ̀nà.

Ohun kẹta wà tí n kò rí nínú ìwé wọn, òun ni mo sì gbà pé ó tóbi jù ní ilẹ̀ wa. Àgbà ni Bàbá Ìbejì. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń pè é ní ọ̀gá. Bí ó bá jókòó níwájú ọmọ náà, tí èmi tí ó lè bí wá ń sọ fún un pé kì í ṣe ibẹ̀ yẹn, ibí yìí ni, ipò rẹ̀ ti yí padà lójú ẹsẹ̀. Ìjókòó yẹn ni ó ń kọ̀, kì í ṣe CorelDRAW. Àwa ọmọ yunifásítì kì í sábà rí èyí, nítorí pé iṣẹ́ wa ni kí a máa jókòó kí a máa kọ́ ẹ̀kọ́; kò sí ohun tí ń bọ́ lọ́wọ́ wa bí a bá sọ pé a kò mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo lọ bá a ní kùtùkùtù kí àwọn yòókù tó dé. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo ṣàṣìṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe máa ń yẹ orúkọ wò."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé kọ̀ǹpútà rẹ kò lè kọ́ ọ ni?" Lẹ́yìn náà ni ó fa àga kan fún mi.

Ó fi hàn mí pé láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè ni a ti ń ka àkójọ orúkọ, kí ojú má baà máa sáré. Ó ní orúkọ tí ó gùn jù lọ ni a kọ́kọ́ ń dán wò lórí ìlà, nítorí bí ìyẹn bá gbà, gbogbo ìyókù ti gbà. Ó ní a kì í tẹ iṣẹ́ sórí bébà olówó láì kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan sórí bébà lásán. Ṣómólú ni ó ti kó àwọn ọgbọ́n wọ̀nyí wá, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kọ̀ǹpútà sọ di aláìwúlò.

N kò sọ ohunkóhun nípa Print Merge ní ọjọ́ náà. Mo kàn ń ṣàkíyèsí ohun tí ń ni ín lára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin kan tí ń ta òróró ẹ̀pà ní kí a ṣe sítíkà fún òun, mẹ́rìnlélógún sórí bébà kan. Bàbá Ìbejì ti tò wọ́n tán nígbà tí obìnrin náà pè pé nọ́ńbà fóònù òun ti yí padà. Ó tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún ṣe. Obìnrin náà tún pè pé nọ́ńbà kejì ń bẹ. Bàbá Ìbejì gbé ọwọ́ lé orí. Ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn yòókù ti lọ, ó sì ń ronú ọkọ̀ tí yóò wọ̀ ní Ìyànà-Ìbà.

Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn kí wọ́n má baà tún na máòsì. Mo ní, "Bàbá, bí a bá sọ ẹyọ kan di ìyá, tí a sọ àwọn yòókù di ọmọ rẹ̀ ńkọ́?" Ó ní kí ni mo ń wí. Ohun tí mo ń wí ni Symbol. Bí o bá ya nǹkan kan nínú CorelDRAW, o lè sọ ọ́ di Symbol, kí gbogbo ẹ̀dà tí o bá lò lórí bébà sì jẹ́ ti Symbol náà. Bí o bá ti tún ìyá ṣe, gbogbo àwọn ọmọ ti tún ara wọn ṣe. Mo ń sọ, òun ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó ṣì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó fi Ctrl+Z dá a padà fúnra rẹ̀, n kò sì dá sí i. Nígbà tí ó tò ó tán, ó kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sí ara ìyá láti fi dán an wò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún sì yí padà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní, "Láti ìgbà wo ni èyí ti wà níbẹ̀?" Mo ní ó ti pẹ́, sà.

Nígbà tí a ń ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Èyí kì í ṣe àbùjá. Igbà ni." Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Èkó lè má mọ igbà: okùn tí ẹlẹ́mu fi ń so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ ni. Ẹni tí ó ní igbà ṣì ń gba ìdí ọ̀pẹ gùn ún. Èmi tí mo ń ka ìwé Yorùbá ní yunifásítì, ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbọ́ òwe yẹn láì rántí igbà.

Àṣìṣe mìíràn wà tí mo ṣe tí n kò níí fi pamọ́. Mo ti tẹ bébà kan sí ara ògiri ṣáájú àkókò yìí, mo kọ ogójì bọ́tìnnì tí ń mú iṣẹ́ yá sí i. Kò sí ẹni tí ó lò ó. Nígbà tí ó yá, nọ́ńbà fóònù oníbàárà ni wọ́n ń kọ sí etí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo, ní ọjọ́ tí ìṣòro rẹ̀ ń jà, ni ó máa ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí yàtọ̀. Àǹtí kò ní ìtìjú kankan. Ẹ̀rù ni ó ń bà á. Iná ti lọ lẹ́ẹ̀kan rí tí ó sì gbé ìwé ètò ìsìnkú odindi lọ, láti ìgbà náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ètò tí ó mọ̀. Nítorí náà Ctrl+S ni a kọ́kọ́ fi ṣe eré, pé kí ó máa tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a tó kan ọ̀rọ̀ àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, tí ó kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Bí Àǹtí bá fẹ́ kọ ọ, yóò kọ o, yóò wá fi máòsì wọ́ àmì ìdánudúró lọ sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìwé ètò ẹgbẹ́ wa wá, ọjọ́ kan gbáko ni ó fi fi àmì sí ojú ìwé mẹ́jọ. Ní ìrọ̀lẹ́ a ní kí ó sọ lẹ́tà di ńlá díẹ̀. Lẹ́tà dàgbà, àwọn àmì dúró sí ibi tí wọ́n wà, wọ́n fọ́n káàkiri bí èérà.

Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows, ẹni tí kò wá a ni kò rí i. Ẹ, ọ àti ṣ ní ipò tiwọn nínú ètò lẹ́tà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Unicode. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní ipò kan ṣoṣo. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀, fọ́ńtì sì ní láti mọ ibi tí yóò gbé àmì náà kà. Púpọ̀ nínú fọ́ńtì ẹlẹ́wà tí oníbàárà máa ń fẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Charis SIL àti Noto mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Àǹtí kọ kíbọ́ọ̀dù yìí fún oṣù kan gbáko nítorí pé ìka rẹ̀ ti mọ ti àtijọ́. A wá ṣe àdéhùn pé orúkọ ènìyàn nìkan ni yóò máa fi kọ, kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Orúkọ kì í pọ̀ lórí káàdì. Kí ọdún tó parí, mo rí i tí ó ń fi kọ oríkì odindi sí ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìnkú, àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn sì ti ń gbé iṣẹ́ Yorùbá wá bá a.

Bàbá Ìbejì kò tíì gba gbogbo rẹ̀. Kò fẹ́ràn kí a máa di Ctrl mú pẹ̀lú lẹ́tà. Ó ń wá àṣẹ lókè ojú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú máòsì, mo sì ti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Symbol, kì í ṣe èmi. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún ọmọ náà pé kí ó parí ìyá kí ó tó bí ọmọ.

Nígbà tí oṣù keje tún dé, ilé-ẹ̀kọ́ Ìbà yẹn tún wá, ó yà mí lẹ́nu. Àwọn ọmọ jẹ́ 230. Bàbá Ìbejì gba àkójọ, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lásán, ó fi fún mi. Ó ní, "Máa kà á fún mi, láti ìsàlẹ̀. Bí a bá kà á tán, kí o wá fi ohun rẹ yẹn hàn mí." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, òun di ìwé orúkọ tí olùkọ́ fi ọwọ́ kọ mú. Nígbà tí a ó fi dé òkè, a ti rí orúkọ mẹ́sàn-án tí kò tọ̀nà. Ó tún wọn ṣe, ó wá orúkọ tí ó gùn jù, ó gbé e lé orí ìlà, ó dín lẹ́tà kù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó dáadáa, ó di máòsì mú, ó ní, "Ó yá, níbo ni wọ́n gbé Print Merge sí?"